Aṣọ Ìkókó Inú Àpótí Màámi

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, tó ní ọkùnrin ni Ọmọ́wùnmí bí, ariwo ayọ̀ sọ nílé ìgbẹ̀bí. Simeon, ọkọ Ọmọ́wùnmí, fò sókè títí bàtà kan fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọláṣùmbọ̀, ìyá Ọmọ́wùnmí, náà pariwo, "Ògo ni fún Ọlọ́run!" Ó ju ọwọ́ sókè, ó jó díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i. Lẹ́yìn náà ó rọra yà sẹ́yìn ilé, ó fi iwájú orí ti ògiri, ó sì sọ ohun tí kò yẹ kí ìyá àgbà sọ lọ́jọ́ ìbí.

"Olúwa, kí ló dé tí kò ṣe obìnrin?"

Ẹ má bínú sí i. Nínú ìdílé ìyá Ọláṣùmbọ̀, àwọn obìnrin ló ń dúró. Ọkùnrin a wá, ara rẹ̀ a le, a ké dáadáa lọ́jọ́ tó délé ayé. Tó bá ṣe díẹ̀, ojú rẹ̀ a pọ́n bí ìyeyè, a kọ ọmú, a máa ké igbe tín-ín-rín bí ẹni tí abẹ́rẹ́ ń gún, wọn a sì gbé e lọ sin. Ìyá Ọláṣùmbọ̀ sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ fúnra rẹ̀ sin ọ̀kan, àkọ́bí rẹ̀, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ṣì ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ọmọ náà lọ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ tó pé, nítorí náà kò ní orúkọ tí èèyàn lè fi sunkún rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní àbíkú ni. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní ọ̀tá ilé ló pa á. Ọláṣùmbọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Ọmọ́wùnmí, tó bí lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ̀ rárá pé òun ní ẹ̀gbọ́n rí.

Ohun tí ìyá Ọláṣùmbọ̀ fi lé e lọ́wọ́ láti fi bá ọ̀ràn náà jà ni àpótí irin kan tí wọ́n kùn ní búlúù. Aṣọ ìkókó ló kún inú rẹ̀: ṣáálì olówùú tí wọ́n fi wé Ọmọ́wùnmí, fìlà, ìbọ̀sẹ̀ kéékèèké, àti ìró àtijọ́ tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tó ti rọ̀ mùlọ́mùlọ́. Àárín wọn ni káfúrà wà, àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tí àwọn ará Èkó ń pè ní káńfọ̀. Òfin ìdílé wọn ni pé aṣọ tí wọn yóò wọ̀ fún ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ ti inú káfúrà jáde. Aáyán kò ní í rìn lórí rẹ̀, kòkòrò kò ní í jẹ ẹ́, ohunkóhun tó bá sì ń bọ̀ wá mú ọmọ lọ, òórùn náà yóò lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọláṣùmbọ̀ mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń pa ọmọ mọ́. Síbẹ̀, kò sí ọdún tí kì í ṣí àpótí náà kó fi káfúrà tuntun sí i.

Ó ti gbé àpótí yìí kúrò nílé rẹ̀ ní Ìdímù wá sí yàrá méjì tí Ọmọ́wùnmí àti Simeon ń gbé ní Ìgàndó. Wọ́n ti bẹ ẹni tó ya àwòrán oyún pé kó má sọ irú ọmọ tó jẹ́, nítorí náà ìwọ̀nba káfúrà tí èèyàn ń fi dúró de ọmọ èyíkéyìí ló wà nínú rẹ̀. Ní báyìí tó ti jẹ́ ọkùnrin, Ọláṣùmbọ̀ rí i pé kò lè tó. Ó pe Simeon sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọkọ mi, bá mi ra káńfọ̀ bọ̀ ní Ìkòtún. Kó pọ̀ o."

"Màámi, èyí tó wà nínú àpótí yẹn kò tó ni? Ọmọ yìí á kàn máa rùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù bíṣọ́ọ̀bù."

"Jẹ́ kó máa rùn. Kó ṣáà wà láàyè."

Simeon bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Láti ọjọ́ náà, Ọláṣùmbọ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn wẹ ọmọ. Ó ń fi kànìnkànìn rírọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó ń na apá rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi òróró pa á lára títí yóò fi máa dán, yóò sì wé e sínú ṣáálì inú àpótí. Ó so káńfọ̀ mọ́ igun nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bò ó. Ó di díẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ó kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Bó bá ti ṣe é tán, yóò gbé ọmọ náà mọ́ àyà, yóò máa kọ orin ìyìn tí wọ́n máa ń kọ ní ìsìn àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìta mọ̀ pé ọmọ wà nílé.

Ọmọ́wùnmí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

"Màámi, ẹ wo ojú ọmọ yìí. Ṣé kò pọ́n báyìí?"

Ọláṣùmbọ̀ ti rí i láti òwúrọ̀. Ó ti ń bá ara rẹ̀ sọ pé kọ́tìnnì aláwọ̀ ọsàn tó wà lójú fèrèsé ló ń tàn sí i lára. Ó gbé ọmọ náà jáde síta báyìí, ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyeyè ni. Ìyeyè ọjọ́sí náà gan-an ni.

Happiness, aládùúgbò wọn tó ń gbé yàrá òdìkejì, yọjú, ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Obìnrin tó láyà ni, ẹnu rẹ̀ kò sì í dákẹ́.

"Jọ́ńdíìsì ni jàre! Kí lẹ wá fajú ro sí? Tèmi náà ní in nígbà tí mo bí i. Ẹ gbé e sínú oòrùn àárọ̀, ẹ fún un ní omi glukóòsì, kíá, ó ti lọ. Àbí ẹ ò rí bí tèmi ṣe ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì lánlọ́ọ̀dù?"

Òótọ́ ni, ohun tó rí ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pọ́n díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tó sì ń mọ́ lójú láìsí wàhálà. Nítorí náà wọ́n gbé e sínú oòrùn. Ọláṣùmbọ̀ sì wé e dáadáa kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ sí i. Bí oòrùn ṣe ń mú ṣáálì náà gbóná, bẹ́ẹ̀ ni òórùn káfúrà ń gòkè, tó ń ta wọ́n nímú. Ọkàn Ọláṣùmbọ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó rò pé ààbò ni.

Ọmọ náà kò mọ́ lójú. Àyà rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ pọ́n, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì pọ́n. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì tí kò ní mílíìkì. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí fi ọmú sí i lẹ́nu, ó kàn jẹ́ kó wà níbẹ̀ ni, wàrà ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ké. Igbe náà rí tín-ín-rín, ó ga, ọmọ náà sì tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn bí ọrun.

Ọláṣùmbọ̀ mọ igbe yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí.

"Simeon!" ó ké. "Wá kẹ̀kẹ́! Wá kẹ̀kẹ́ kíá!"

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn lọ sí ọsibítù ìjọba, Ọmọ́wùnmí di ọmọ náà mú nínú ṣáálì, Simeon ń bẹ onímárúwá pé kó jọ̀ọ́ kó gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọláṣùmbọ̀ ń ka iye ọjọ́ tó kù kí ọmọ pé ọjọ́ kẹjọ, bí ẹni pé tí ó bá ṣáà lè dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn kan yóò tì mọ́ ikú lójú.

Dókítà tó gbà wọ́n, Ọmọ́níyì, jẹ́ obìnrin tí kì í fi àkókò ṣòfò. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó gbé e sínú àpótí onígíláàsì lábẹ́ iná búlúù, wọ́n sì fi nǹkan dì í lójú kí iná má bàa pa á lára. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń béèrè ìbéèrè.

"Ṣé ẹ fún un ní àgbo?"

"Rárá, Dókítà."

"Oògùn kankan? Róòbù ńkọ́, àbí ohun mìíràn tí ẹ fi pa á lára?"

"Òróró lásán ni," Ọláṣùmbọ̀ dáhùn.

"Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ bára mu. Kò jọ pé kòkòrò àrùn wọ ọ́ lára. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Iná yìí máa ń bá wa fọ ohun tó ń sọ ara di yẹ́lò. Oòrùn ìta kò lágbára tó o, kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ má dúró sílé báyìí mọ́ tí ojú ọmọ bá ń pọ́n."

Iná náà sì ṣiṣẹ́. Ohun tó pọ́n rọ̀, ọmọ náà la ojú, ó mu ọmú díẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ iná kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ́wùnmí sunkún ayọ̀. Ọláṣùmbọ̀ wo ọmọ tó wà ní ìhòòhò níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ fìì-fìì, àánú ṣe é. Ó ti ní kí Simeon kó àwọn aṣọ tó kù nínú àpótí wá láti ilé. Ó mú ìró rírọ̀ kan, ó wé e fún un, ó fi ṣáálì lé e, ó fi fìlà dé e lórí.

"Wò ó bó ṣe rẹwà," ó wí.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ọmọ náà ti pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Wọ́n dá a padà sábẹ́ iná. Dókítà Ọmọ́níyì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onígíláàsì náà, ó ń fi ọwọ́ gbo iwájú orí rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń fọ́," ó sọ fún wọn. "Ohun kan ń fọ́ ọ, ó sì ń yára fọ́ ọ ju bí iná yìí ṣe lè kó ìdọ̀tí rẹ̀ lọ. Tí yẹ́lò yìí bá pọ̀ jù, á wọ ọpọlọ. Ọmọ lè kú. Bí kò bá kú, ó lè má gbọ́ràn mọ́, ó lè má rìn. A ti ń wá ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu, ká lè pààrọ̀ èyí tó wà lára rẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kò tíì dé."

"Kí ló ń fọ́ ọ, Dókítà?" Simeon béèrè.

"Mi ò tíì mọ̀."

Simeon tẹ̀lé Ọláṣùmbọ̀ àti Ọmọ́wùnmí jáde sí kọ́rídọ̀. Ojú rẹ̀ ti wọ inú.

"Ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ? Kò mọ̀ ọ́n! Màámi, ẹnìkan níbi iṣẹ́ fún mi ní nọ́ńbà wòlíì kan. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á padà. Ó ní nǹkan tí òyìnbó kò lè rí ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e."

"Ká yọ ọ́ lábẹ́ iná?" Ọmọ́wùnmí béèrè.

"Iná yẹn ńkọ́? Kí ló ṣe fún un? Ó gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ mọ́lẹ̀! Màámi, ẹ dá sí i. Ohun tí ẹ bá sọ la máa ṣe."

Wọ́n wo Ọláṣùmbọ̀, àwọn méjèèjì. Ó fẹ́ sọ pé ẹ gbé e. Ó fẹ́ sọ pé mo mọ ohun tó ń ṣe é, ohun tó mú ti ìyá mi tó sì mú tèmi ni, kò sí dókítà tó lè rí i. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí pé òun náà gbé ọmọ tirẹ̀ kiri nígbà náà, láti ilé àdúrà kan sí èkejì, ọmọ náà sì tutù sí i lẹ́yìn ní ẹ̀bá ọ̀nà.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó wí. "Kí n bá Olúwa mi sọ̀rọ̀."

Ó rìn lọ sí ìparí kọ́rídọ̀, níbi tí àga onírin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ojú bo inú ṣáálì ọmọ náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbàdúrà. Gbogbo ọ̀rọ̀ àdúrà tó ti kọ́ láti kékeré ló sá kúrò lórí rẹ̀. Kò rántí orin kan. Ohun tó rí sọ kò ju, "Olúwa, fi hàn mí. Bó bá ṣe ọ̀tá ni, fi hàn mí. Bó bá ṣe èmi ni, fi hàn mí. Má jẹ́ kí wọ́n gbé eléyìí náà lọ láìní orúkọ." Ó ń sunkún sínú ṣáálì náà, òórùn káfúrà sì ń ta á lójú, tó fi jẹ́ pé kò mọ omijé tó jẹ́ ti ìbànújẹ́ mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti òórùn.

Nọ́ọ̀sì Sìkírátù, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ní wọ́ọ̀dù náà, ń kọjá lọ. Ó rí i, àánú ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tutù. Ọlọ́run tẹ́ ẹ ń ké pè, ẹ jókòó sórí àga, á ṣì gbọ́ yín." Ó fa imú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Kí ló ń rùn, ọmọ mi?"

"Káńfọ̀. Ara aṣọ yìí ni. Màmá, aṣọ ta ni?"

"Aṣọ ọmọ wa ni. Inú káfúrà la ti mú un jáde. Ṣé èèyàn lè tọ́jú aṣọ ọmọ láìsí káfúrà ni?"

"Òun lẹ fi ń wé e?"

"Òun náà ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i."

"Lá ìláhà ìlàlláhù!" Nọ́ọ̀sì Sìkírátù gba ṣáálì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án jìnnà sí ara bí ẹni di ejò mú. "Nígbà tẹ́ ẹ wé e lánàá, èyí náà ni? Màmá, ẹ dúró síbí. Ẹ má súnmọ́ ọmọ yẹn. Dókítà! Dókítà Ọmọ́níyì!"

Bí àwọn èèyàn ṣe sáré jọ nìyẹn. Dókítà gbóòórùn ṣáálì náà, ó gbóòórùn báàgì tí àwọn aṣọ yòókù wà, ó sì pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀.

"Mo béèrè oògùn," ó wí. "Mo béèrè àgbo. Mi ò béèrè aṣọ."

Ó mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ó sọ ọ́ fún wọn bí ó ti yé e.

"Ẹ̀jẹ̀ wa dà bí àpò piọ́ wọ́tà tó pọ̀ lọ jàra. Nǹkan kan wà nínú ara tó ń jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ yi, kó má bẹ́ bọ̀rọ̀. G6PD la ń pè é. Àwọn kan wà tí tiwọn kò tó. Wọ́n pọ̀ láàrin wa, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá ko ohun tó lè bẹ́ àpò náà, bí àwọn oògùn kan, tàbí káńfọ̀. Èéfín rẹ̀ ń gba imú wọlé, ó ń gba awọ wọlé, pàápàá awọ ọmọ tuntun tí wọ́n fi òróró pa. Àpò á bẹ́. Ohun tó dà jáde ló ń sọ ojú di yẹ́lò. Mo gbà pé ohun tó ń ṣe ọmọ yín nìyẹn. Àyẹ̀wò á fi hàn, ṣùgbọ́n mi ò ní í dúró dè é."

"Ta ló fi í ṣe é?" Simeon béèrè. Ó ṣì ń wá ọ̀tá.

"Kò sí ẹni tó fi í ṣe é, sà. Wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ti máa ń wá. Ìyá lè gbé e láì mọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin náà lè gbé e láì mọ̀. Ara ọmọkùnrin ló ti máa ń hàn jù."

Ọláṣùmbọ̀ gbé orí sókè. "Ẹ ní ọmọkùnrin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ọláṣùmbọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó di áńkáṣíìfù. Ọwọ́ tó so ó mọ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á sí i ló ń fi káńfọ̀ kún un. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ yìí wá pẹ̀lú idà lọ́wọ́, ó ń retí ọ̀tá tó ń bọ̀ láti ìta, idà náà sì ń gún ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ́wùnmí kò wo ojú rẹ̀. "Màámi," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ kó aṣọ yẹn kúrò níbí. Ẹ máa lọ sílé."

Ó gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá pariwo. Bí ó ti ń lọ, ó rí Simeon tó ń ká apá ẹ̀wù sókè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ọmọ mu, wọ́n sì ní kí bàbá fi tirẹ̀ dípò fún ẹlòmíràn. Kò mẹ́nu kan wòlíì mọ́.

Nílé, Ọláṣùmbọ̀ ṣí gbogbo fèrèsé. Ó tú nẹ́ẹ̀tì, ó yọ ìrọ̀rí, ó wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá inú dúrọ́ọ̀, ó wá inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí kò rántí pé òun fi káńfọ̀ sí ló ti ń rí i. Ó fọ gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé, ó fi ọṣẹ fọ ilẹ̀. Àpótí búlúù náà nìkan ni kò fọ. Ó dì í pa pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó gbé e jáde nígbà tí ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí dé. Ó rí i bí ẹnu ọkọ̀ náà ṣe tẹ̀ ẹ́ wọ́kuwọ̀ku, tó sì gbé e mì. Ṣáálì tí wọ́n fi gbé Ọmọ́wùnmí wọ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Kò sunkún.

Happiness dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ara mi náà ń rùn," Ọláṣùmbọ̀ sọ fún un. "Aṣọ mi, gèlè mi, gbogbo rẹ̀. Wọn ò ní í jẹ́ kí n wọlé tọ ọmọ náà."

"Ẹ lọ wẹ̀, Màmá. Mo ní gáùn." Ó yára wọlé lọ mú un. "Ó máa tóbi fún yín o. Ẹ má bínú, èmi lẹran ara bá."

Gáùn náà ní òdòdó pupa gbàǹgbàgbàǹgbà lára, ejìká rẹ̀ sì ń yọ́ bọ́ sílẹ̀. Òun ló wọ̀ padà sí ọsibítù. Ó dúró sí ẹnu wọ́ọ̀dù, kò kọjá ibẹ̀. Wọ́n ti ṣe é tán. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti fi òmíràn dípò rẹ̀, ọmọ náà sì wà lábẹ́ iná, kò mira. Ọmọ́wùnmí jókòó tì í bí ère.

Nígbà tó rí ìyá rẹ̀, ó dìde. Ó rìn wá bá a. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi imú kan ọrùn ìyá rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbóòórùn irun rẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó gbóòórùn wọn. Ọṣẹ nìkan ni.

"Ẹ wá jókòó, Màámi."

Wọ́n jọ jókòó. Ìgbà náà ni Ọláṣùmbọ̀ sọ fún un, láì gbójú sókè, pé ó ní ẹ̀gbọ́n kan rí. Ó sọ bí ojú rẹ̀ ṣe pọ́n, bí ó ṣe ké, bí àwọn ṣe pọ̀n ọ́n kiri. Ọmọ́wùnmí gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Aṣọ kan náà ni?"

"Àpótí kan náà ni. Mo béèrè lọ́wọ́ Dókítà lẹ́nu ọ̀nà báyìí bóyá káńfọ̀ náà ló pa á. Ó ní òun kò lè sọ, òun kò sí níbẹ̀." Ó nu imú. "N kò mọ̀, ọmọ mi. Èmi ò mọ̀ ni."

Ọmọ́wùnmí fi ọwọ́ lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Báyìí ni ọjọ́ kẹjọ bá wọn, ọjọ́ tó yẹ kí ilé kún fún èrò. Kò sí oyin, kò sí orógbó, kò sí olùṣọ́àgùntàn. Ọmọ náà ṣì dákẹ́. Simeon bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ihò tí nọ́ọ̀sì máa ń ti ọwọ́ bọ̀ lára àpótí onígíláàsì, ẹ̀rù ń bà á láti dúró di ìgbà mìíràn, ó sì pe orúkọ náà síbẹ̀: "Olúwakáyọ̀dé. Ṣé o gbọ́? Olúwakáyọ̀dé, bàbá rẹ ló ń pè ọ́." Ọmọ náà kò dáhùn. Ọláṣùmbọ̀ ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, ó ti ní orúkọ, Olúwa, ó ti ní orúkọ, bí ẹni ń fi ìwé ẹ̀rí han adájọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ebi pa ọmọ. Kò ké igbe tín-ín-rín mọ́. Igbe tó ké nípọn, ó ní ìbínú nínú, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù ní wọ́ọ̀dù jí. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí gbé e sí ọmú, ó fà á débi tí ìyá rẹ̀ fi ní, "Yéè!"

Nọ́ọ̀sì Sìkírátù rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá gbọ́ àlááfíà ọmọ o! Màmá, ẹ ti lè kúnlẹ̀ báyìí. Ilẹ̀ ò tutù mọ́."

Àyẹ̀wò dé, ó sì rí bí Dókítà ti wí. Ó kọ́ wọn ní àwọn oògùn tí ọmọ náà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn láyé, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ó ní wọn yóò máa gbé e wá fún àyẹ̀wò etí, wọn yóò sì máa wò ó bí ó ṣe ń dàgbà, nítorí kò sí ẹni tó lè búra pé yẹ́lò náà kò kan ọpọlọ rárá. Wọ́n gba ìyẹn lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ wọn.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n wá ṣe ìsọmọlórúkọ nílé, Ọláṣùmbọ̀ gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn aṣọ ọmọ. Ó ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tú u, ó ń fi imú sí i.

"Ìyá Ìkókó Àgbà, ajá ọdẹ ni yín ni?" ọ̀kan nínú wọn béèrè. "Aṣọ tuntun lẹ ń gbóòórùn bẹ́ẹ̀?"

"Ibo lo ti mú un jáde?"

"Inú àpótí mi. Mo fi káfúrà dáadáa sí i, kò sí aáyán tó—"

"Gbà á padà. Jókòó síbí, kí n sọ nǹkan kan fún ọ."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún gbogbo wọn, níkọ̀ọ̀kan, nípa àpò piọ́ wọ́tà àti ohun tó ń bẹ́ ẹ. Obìnrin kan tó ti sin ọmọkùnrin méjì gbọ́ ọ, ó jókòó sórí pèpéle, kò sì lè wọlé fún ìgbà pípẹ́. Ọláṣùmbọ̀ jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn òbí àgbà ti ń fún ọmọ lórúkọ, olùṣọ́àgùntàn pè é. Ó dìde, gáùn Happiness ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò rí ẹ̀wù mìíràn tó dá a lójú.

"Ìfẹ́olúwa," ó wí.

Olùṣọ́àgùntàn gbé ọmọ náà sókè, ó tún orúkọ náà pè, gbogbo ilé sì ṣe àmín. Ọmọ́wùnmí tẹ orí sún mọ́ etí ìyá rẹ̀.

"Màámi, orúkọ yẹn dára. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni. A ti mú un sílẹ̀ de ọjọ́ kẹjọ rẹ̀."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ké, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.